Ọ̀nà Apá Òsì Tí Ajá Velika Mọ̀

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá
Ivelina ọmọ mi ní kí n máa sọ̀rọ̀ sí fóònù yìí, fóònù náà ni yóò máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, torí n ò mọ̀wé. Ó ní ó ń wo ọgbẹ́ ọkàn sàn. Ó dáa. Velika ìyàwó mi kú ní oṣù Kẹrin. Mo ti sọ ọ́. Ara mi ò tíì yá.

Mo mú ajá rẹ̀ gun òkè. Aláṣẹ ni mo ń pè é — òun nìkan ló kù tó ń pàṣẹ nílé yìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Velika máa ń mú un lọ, ó ní orí òkè téńté làwọn ń dé. Èmi kì í bá wọn lọ. Òkè ò ṣẹ̀ mí. Níbi tí ọ̀nà ti pín nínú igbó, àmì pupa ara igi ní ká gba ọ̀tún. Aláṣẹ yà sí òsì. Mo fà á, ó jókòó. Mo bú u, ó yán. A padà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Òjò. Ajá ń wò mí. Mo ń wò ó. Òun ló borí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Oṣù mẹ́fà ikú Velika pé. Ivelina gbé ìwé ìkéde òkú dé, fọ́tò ìyá rẹ̀ lórí. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀, níbi tí àwọn ará abúlé ti máa ń wo ẹni tó kú kí wọ́n tó wo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ajá yìí tọrẹ. Ẹ máa ṣubú lókè yẹn.” Mo ní tí mo bá ṣubú, kó lọ wá ògiri sílẹ̀ fún fọ́tò tèmi náà.

Mo tọ́jú ìwé díẹ̀ fún àwọn igi òkè.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Mo jẹ́ kí Aláṣẹ gba òsì rẹ̀. Ó ń lọ bí onílẹ̀. Ilé kan, èéfín, arúgbó kan tó ń la igi. Ajá tí kì í ju ìrù sí mi fò mọ́ ọn. Lẹ́nu ọ̀nà — bàtà ilé onírun àgùntàn, iṣẹ́ ọwọ́ Velika. Irú rẹ̀ wà nílé mi.

Ó dáa náà. Ìyàwó mi ní àlè, àlè ọ̀hún sì ní eyín mẹ́ta.

Stamat lorúkọ rẹ̀. “Velika dà? Ṣé ó bínú sí mi ni? Látìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni mo ti ń retí ẹ̀.” Mo na ìwé sí i. Ó kà á, ó jókòó sórí ìtì igi. Nígbà tó yá, ó fìka lu ìwé náà. “Wọ́n ṣì í tẹ̀. ‘Látọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀’ — ọkọ wo? Igi ló wó pa ọkọ rẹ̀ àti Asen ọmọ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló máa ń wá sọ níbí. Bá a bá ń mu wáìnì, mo máa ń ta díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ jẹ́ sí i?”

Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí.




Ọjọ́rú, 16
Igi yẹn, ọmọ mi nìkan ló pa. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé kan ò kàn mí. Velika ò gbà bẹ́ẹ̀; lójú tirẹ̀, èmi náà kú. Láti ọjọ́ náà n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Asen nílé mi. Obìnrin náà wá ń gun òkè kó lè rí ẹni dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún.

Ì bá sàn kó ní àlè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá
Ọjọ́ ìrántí àwọn òkú. Ivelina ní ká lọ sí ibojì ìyá òun. Mo ní wọ́n ti pè mí síbòmíì. Èmi àti Aláṣẹ gba òsì.

Stamat ti se àlìkámà tí a fi ń ṣe sàráà òkú, ó fi ṣúgà sí i. Ó tan àbẹ́là mẹ́ta: Velika, Asen, ọkọ. “Kí lorúkọ ọkọ yẹn gan-an? Kò sọ ọ́ rí.” Mo ní Tsvyatko. Ó bu àlìkámà sí mi lọ́wọ́: “Ẹ jẹ ẹ́. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Tsvyatko.” Mo ṣe àmín, mo jẹ sàráà ara mi. Ṣúgà ò tó. Ó da wáìnì sílẹ̀ fún mi, ó sì dà á dáadáa, kò láhun.

Ó bi mí bóyá mo mọ ọkọ náà. Mo ní rárá o. Ọmọ rẹ̀ ni mo mọ̀.

“Ẹ sọ tọmọ, nígbà náà.”

Asen, mo ní. Asen ò lè la igi kó má kọrin, kò sì lóhùn. Ẹyẹ á ṣí kúrò nínú igbó. Mo sọ ọ́ títí àbẹ́là fi jó tán. Stamat ní òmíì wà nínú àpótí.