Àwọ̀ Eérú Inú Irin

Ọjọ́rú, Olódi-Àpápá



Lánàá, Ọ̀gá ní kí n yọ gbogbo àwọ̀ eérú kúrò nínú àwòrán inú irin kan tí a fi ẹ̀rọ yà, irin kireni tó ń gbé ẹrù sókè ní èbúté. Àwọn ará èbúté fẹ́ràn àwòrán tó mọ́: dúdú àti funfun, ó tán. Kò sí àbùkù kankan tó hàn, wọ́n gbé irin wọn lọ.

Lọ́sàn-án yìí, mo tún àwòrán náà tò, mo fi eérú sílẹ̀. Ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun gba àárín irin kọjá. Ó ti sán. Irin náà sì ti wà lórí kireni láti àárọ̀.

Ọ̀gá sáré pe àwọn ará èbúté pé kí wọ́n dá kireni dúró.

Nírọ̀lẹ́, bùrọ̀dá mi tó ń kó ẹrù lábẹ́ kireni náà pè mí. "Wèrè wo ló dá iṣẹ́ wa dúró?"