Abọ́ Tí Mo Kó Wáyà Jẹnẹrétọ̀ Sí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú bí ẹ ṣe ń tù wá nínú lórí rédíò látìgbà tí ìjì ti jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyá àgbà kan lórí òkè ni mí, ní Puerto Rico níbí.

Oṣù márùn-ún la fi wà nínú òkùnkùn. Iná ti dé ìlú nísàlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iná ò yà sọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná, ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun máa gun òpó iná fúnra àwọn láti tún un ṣe. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ ilé lè rán iná padà sórí òpó, kó sì pa á. Ni mo bá gbé abọ́, mo ń gba wáyà jẹnẹrétọ̀ láti ojúlé dé ojúlé.

Eleuterio aládùúgbò wa fárígá. "Ìyá, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mi á bàjẹ́ nínú fíríjì o!"

"Ọkọ tèmi wà lórí òpó. Èwo lo lè rí rà lọ́jà nínú méjèèjì?"

Ó yọ wáyà lé mi lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, iná dé! Gbogbo òkè hó yèè, a ń lu ìkòkò, Eleuterio alára ń jó.

Ìṣòro mi rèé: àdúgbò kejì ti ránṣẹ́ pè wá pé ká wá tún iná tiwọn náà ṣe. Àwọn ọmọ wa ní Florida ní ká jókòó jẹ́ẹ́, pé a ti darúgbó. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ tètè dáhùn o, torí ọkọ mi ti wọ bàtà, abọ́ mi sì ti wà nínú ọkọ̀.