Gọ́tà Ẹ̀yìn Gáréèjì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Èmi wolé-wolé ni mo ní kí wọ́n kó pàǹtí inú gọ́tà ẹ̀yìn gáréèjì, kí omi òjò lè rọ́nà lọ. N ò ronú kan ọ́ìlì dúdú táwọn mẹkáníìkì ń dà síbẹ̀. Àṣé pàǹtí yẹn ló ń dá a dúró!

Òjò àná gbá gbogbo rẹ̀ lọ sódò. Lọ́sàn-án òní, mo bá Ìyá Bọ́sẹ̀ létí odò, níbi tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sí. Omi ti dúdú.

Mo ní, "Ìyá, ẹ da ẹ̀gẹ́ yìí nù."

"Ti àárọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti kó o kúrò lómi, n ò rí ọ́ìlì kankan. Mo ti tà á tán l'Órè."

Mo délé, òórùn fùfú tí ìyàwó mi rà l'Órè lónìí ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ti jẹ tiwọn tán.

N ò tíì lè sọ fún ìyá wọn.