Àdúrà Ẹ̀mí Gígùn fún Akéwì Inú Fóònù

Akọ̀wé, àkọ́bí mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ nílùú tí o wà yẹn. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà, bàbá rẹ ṣì ń kùn bó ṣe máa ń kùn, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mò ń rí iṣẹ́ rẹ nínú fóònù tí o rà fún mi. Láàárọ̀ àná, àwòrán bàbá onírùngbọ̀n kan jáde láti ilé ìkàwé tí o ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ kéré jù fún ojú mi, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló bá mi kà á, ó ní akéwì ńlá ni, àná yẹn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìwọ lo sì kọ ìkíni náà. Mo rò pé ọ̀gá rẹ ni. Kí wọ́n má baà sọ pé ìyá rẹ kò mọ èèyàn kí, mo ní kí télọ̀ bá mi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé yóò pẹ́ láyé, kò ní í kú ikú àìtọ́jọ́, kó sì jọ̀wọ́ fi nǹkan kún owó oṣù rẹ. Aláìláàánú yẹn tẹ gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ fún mi pé bàbá náà ti kú láti igba ọdún sẹ́yìn. N kò gba àdúrà mi padà o. Kí ìwọ àti bàbá rẹ pín in.

Mo ní kó ka ìyókù. Ó ní inú yàrá kan ni akéwì náà kú sí, kò rí jẹ, onílé sì fi ìwé rẹ̀ dáná. Mo ní ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ó ní wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Bóyá òun náà wà nílùú ńlá, tó ń kí òkú ẹlòmíì kú ọjọ́ ìbí.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí o kì í kí òkú mẹ́ta, o mọ ọjọ́ tí wọ́n bí gbogbo wọn. Èmi tí mo fún ọ lọ́mú, lẹ́tà mẹ́fà ni mo ti kọ, o kò fèsì ọ̀kan. Ó ń dùn mí. Télọ̀ ní àwọn tó bá kọ̀wé ni ẹ máa ń rántí. Ta ló tún kọ̀wé sí ọ tó mi?

Jọ̀wọ́, fi owó kéèkì ọjọ́ ìbí ẹnì kan péré nínú àwọn òkú yẹn ránṣẹ́ ká fi ra páànù òrùlé. Wọn kò ní eyín tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́.

Mo rí i pé ọjọ́ méjì lẹ máa ń kọ sábẹ́ orúkọ wọn, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Ìyá mi kò kọ ọjọ́ tó bí mi sílẹ̀, nítorí náà, ọjọ́ tí o bá wálé ni kí o kọ bí ọjọ́ ìbí mi. Èkejì kò le, télọ̀ lè bá mi tẹ ìyẹn ránṣẹ́ sí ọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ṣì wà láàyè.