Bàbá Aláṣọ Iyeyè àti Fíríìjì Tó Kún fún Oúnjẹ

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Kẹta,
                                        Ìbà Housing Estate,
                                        Ọ̀jọ́, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Bámikẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìsẹ́yìn? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà yín láyè dìde? Bọ̀dá ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ń lọ díẹ̀díẹ̀, Hikmat ọmọ yín sì ti wọ ọdún kẹta ní yunifásítì.

Ohun tó mú mi gbé bírò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà o. Àlejò kan ni. Dókítà Abọ́lá, olùkọ́ yunifásítì tí ilé rẹ̀ kángun sí ṣọ́ọ̀bù mi, gba bàbá kan lálejò láti Kàm̀bódíà, ọ̀nà jíjìn lápá Éṣíà. Àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n: orí fífá, aṣọ iyeyè, sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Wọ́n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó yẹ kó tẹ̀lé wọn láti máa tọ́jú wọn kò rí físà gbà, ni wọ́n bá dá wá.

Bí Dókítà àti Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, bàbá á jókòó sí fàráńdà. Odidi ọjọ́ méjì, n kò rí kí ẹnu wọn mì. Mo ní, áà, ààwẹ̀ ni. Ni mo bá din àkàrà, mo po ògì, mo gbé e lọ bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Màgàríbì. Bàbá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, wọ́n tẹrí ba, wọn ò fọwọ́ kàn án. Inú bí mi! Pẹ̀lú òróró tí kò ṣeé sún mọ́ lọ́jà! Mo ní kí Hikmat bi wọ́n bóyá oúnjẹ Mùsùlùmí ni wọn kì í jẹ, torí Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Nígbà tó gbọ́ èsì, ọmọ yìí bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti yí i sódì! Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, wọn kì í jẹun mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́." Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò jẹun láàárọ̀? Ìgbà tí Hikmat takú ni bàbá tó sọ pé àwọn kì í bu oúnjẹ fúnra àwọn, àfi kí ẹnìkan gbé e sínú abọ́ àwọn. Àwọn kì í sì í tọrọ.

Mo ké sí Folúkẹ́. Ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n, fíríìjì kún dẹ́nu! Mo ní ilé wọn nìyí, kí wọ́n máa bu ohun tó wù wọ́n. Mo rò pé ọbẹ̀ mi ni kò dùn mọ́ wọn." Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀yàyà wa ló fẹ́ fi ebi pa ẹni àádọ́rin ọdún.

Láago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, mo gbé iṣu àti ẹyin sínú abọ́ dúdú wọn. Wọn ò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ̀tàn, Hikmat ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Nígbà èwe wọn, àwọn ajagun gba ìjọba, wọ́n pa àlùfáà, wọ́n bọ́ aṣọ lára àwọn tó kù. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, bàbá wà lára ìwọ̀nba tó tún fárí, tí wọ́n jókòó sínú ọgbà ẹ̀sìn tí kò lórùlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ará abúlé, kò sẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá. Ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n ti fẹ́ bọ́ aṣọ náà kí wọ́n lọ wáṣẹ́ oko, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ gbé ìrẹsì wá nínú ewé, lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ kejì, ìyá méjì ló wá. Lónìí, ọgbọ̀n àlùfáà ló ń gbé inú ọgbà náà.

Bàbá ní, "Wọ́n ń sọ pé èmi ni mo jí i dìde. Irọ́ ni. Ìyá ẹlẹ́ja ló jí i dìde. Èmi kàn jẹun ni."

Àǹtí mi, èmi tí ẹ máa ń pè ní Aláṣírò, n kò ka iye ẹyin tó lọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa padà. Folúkẹ́ ló ni oúnjẹ aago mẹ́fà àárọ̀ kó tó jáde, èmi ni mo ni ti kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀ o: aago mọ́kànlá ti kọjá, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ wà lórí iná, abọ́ bàbá sì ṣófo.

                                        Èmi ni àbúrò tí ẹ pọ̀n dàgbà,
                                        Mùsítúrà.