Bàbá, Ẹ Ò Dití

Bàbá mi, ẹ má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí lónìí. Etí yín ò ṣe nǹkan kan.

Mo yẹ ẹ̀yìn sípíkà méjèèjì wò láàárọ̀ yìí. Nígbà tí ẹ ń so wọ́n padà lẹ́yìn tí wọ́n kun ògiri pálọ̀ tán, ẹ fi waya pupa sí ojú ihò dúdú lára tọwọ́ òsì. Tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síta, èkejì á máa fà á wọlé, ni ohùn ìsàlẹ̀ bá ń kú sáàárín wọn. Ẹ wá rò pé ogbó ló gba ohùn gìtá béèsì tí ẹ ta sínú àwo orin ìgbà ọ̀dọ́ yín lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé pupa sí pupa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti yí i padà. Ẹ fi àwo yẹn sí i, ẹ jókòó sáàárín, kí ẹ tan án. Èmi ti gbọ́ gìtá yín kí n tó jáde, díẹ̀ ló kù kí n má lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.