Ta Ló Kágò Kó Tó Wọ Fóònù Mi?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má dárúkọ mi o, ẹ ṣáà ní ìyàwó ilé kan ní Òkè-Ògùn ni.

Àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Akọ̀wé, ló ra wáìfáì tí gbogbo agboolé wa ń lò. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń yẹ ibi tí kálukú wa ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Ó rí i pé mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé àìsàn obìnrin kan. Níbi tí gbogbo ilé ti ń ṣa kajú ló ti rò ó bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Ó rí mi lára. Mo bá fi VPN sórí fóònù mi, kó má lè rí ibi tí mò ń lọ mọ́.

Kàkà kójú tì í, ìpàdé ẹbí ló pè lé mi lórí. Ó ní bí mi ò bá lálè, kí ni mò ń bò. Ilé aládùúgbò, a máa ń kágò ká tó wọ̀ ọ́. Ta ló kágò lọ́dọ̀ mi?

Èyí tó wá kó mi nírìíra jù ni ìyá ọkọ mi. Àwọn gan-an ni àìsàn yẹn ń ṣe. Àwọn ló bẹ̀ mí kí n bá wọn wádìí ẹ̀, kí n má sọ fẹ́nì kan. Nígbà tí Akọ̀wé ń bú mi, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà ní tiwọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n yọ VPN yẹn ni, àbí kí n lanu? Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á ketekete, torí ìyá ọkọ mi kì í fi ètò yín ṣeré.